Bí mo ṣe ń gbé táyà olóríkunkun wọ wíìlì onígi

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1890 ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọjá lọ́wọ́ mi. Igi ni rímù wọn. Táyà wọn kò ní tíúbù nínú, kò sì ní wáyà létí: odindi ni, ó rí bí rọ́bà omi tí wọ́n so orí mọ́ ìdí. Fífún tí ó fún mọ́ igi àti gúlù nìkan ló dì í mú. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é kéré díẹ̀ sí rímù, ìdí sì nìyẹn tó fi máa ń ya olóríkunkun. Èyí tí wọ́n ń ṣe tuntun láyé ìsinsìnyí tún le, kì í fẹ́ nà.

Wíìlì àkọ́kọ́ tí mo ṣe, irin méjì tí wọ́n fi ń yọ táyà ni mo kì bọ abẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ “kà!”, etí rímù ti fò yọ, ó tó èékánná àtàǹpàkò. Igi tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò bà jẹ́ rí! Ó dùn mí dọ́kàn. Láti ọjọ́ yẹn, irin kò kan rímù onígi lọ́wọ́ mi mọ́.

Ẹ yẹ igi wò kí ẹ tó dé ìdí táyà. Ẹ wá ibi tí orí igi méjèèjì ti pàdé, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Bí ó bá ń lanu, ẹ dúró ná. Ẹ fi gúlù igi sí i, ẹ dè é mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ dáadáa. Ẹ fi ìka ra inú kòtò rímù káàkiri, kí orí sípóòkì kankan má yọ síta, nítorí yóò gún táyà. Gúlù àtijọ́ tó ti gan, aṣọ tí ẹ rẹ sínú sípírítì tí àwọn káfíńtà fi ń po ṣẹ́láàkì (oje tí wọ́n fi ń kun igi kó máa dán) ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má bu omi sí igi yìí, yóò wú.

Ẹ wá jẹ́ kí táyà rọ̀. Mo máa ń tẹ́ ẹ sínú oòrùn títí yóò fi gbóná lọ́wọ́. Bí oòrùn kò bá sí, mo máa ń kì í sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì máa ń nù ún gbẹ fínnífínní. Táyà nìkan o, kì í ṣe wíìlì.

Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má fi gúlù kankan sí i. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù lọ. Ẹ gbé e wọ̀ ní gbígbẹ, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Rọ́bà á nà. Nígbà tí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ sì fẹ́ gbé e padà pẹ̀lú gúlù, ìjàkadì á ti dín kù gan-an, ọwọ́ yín kò sì ní kún fún gúlù.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e wọ̀ rèé. Ẹ ká aṣọ sílẹ̀, ẹ gbé wíìlì nàró lé e lórí, kí ihò fáàfù, ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táyà, wà lókè. Ẹ ti fáàfù bọ ihò ní gbọọrọ. Ẹ wá di táyà mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ fà á sísàlẹ̀ pẹ̀lú agbára bí ẹ ṣe ń tì í bọ kòtò, kí ọwọ́ méjèèjì máa rìn bákan náà. Ẹ má ṣe rò pé ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Òkè níbí ni iṣẹ́ wà: gbogbo ibi tí ẹ kò bá fà dáadáa lókè ni yóò fìyà jẹ yín nísàlẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń ro yín, ẹ fi ọ̀já aṣọ so táyà mọ́ rímù níbi tí ẹ dé, kí ó má sún padà.

Ó máa ku bí ìbú ọwọ́ méjì, á sì kọ̀ jálẹ̀. Ẹ padà sí ìdí fáàfù, ẹ tún fún táyà wálẹ̀ lápá méjèèjì bí ẹni ń fún wàrà. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọ̀já aṣọ tó lágbára sábẹ́ ibi tó kù, kí ẹnì kan máa fà á síta, kí ẹ̀yin fi àtàǹpàkò méjèèjì yí rọ́bà gun orí etí igi. Ó máa ń wọlé lójijì.

Ní ti gúlù, ṣẹ́láàkì ni mo fẹ́ràn: ìpele fẹ́ẹ́rẹ́ méjì nínú kòtò, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ ná, kí ìkejì máa lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀ kí táyà tó gùn ún. Ẹ yí wíìlì, ẹ wo bóyá táyà ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sì tún un ṣe kí ó tó gan. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ ta sípóòkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Táyà tó fún máa ń fún rímù pọ̀, nítorí náà, àwọn kan á ti dẹ̀. Ẹ rọra mú wọn le. Bí ẹ bá mú wọn le jù, orí wọn á rì wọ inú igi. Afẹ́fẹ́ náà, ẹ má fi pọ̀: àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ lè tẹ táyà wọlé díẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ wo fáàfù. Bí ó bá ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà ti ń yọ̀ lórí igi nìyẹn. Ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀, ẹ tì í padà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ṣẹ́láàkì sí gbogbo ibi tí kò bá lẹ̀.