Bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ ní sípẹ́lì Òyìnbó láìhá sórí

Ọmọ àbúrò mi tó wà ní JSS 1 dé láti ilé-ìwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò tilẹ̀ kí mi ní "ọ̀kún o" kó tó ju ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi níbí ní Kàbà. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí tíṣà pè fún wọn, mẹ́ta péré ló gbà. "Àǹtí, irọ́ ni Òyìnbó ń pa. Kí ni 'k' ń wá nínú 'knife' tí ẹnikẹ́ni ò pè é?"

N ò bá a wí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe tíṣà, "reciet" ni mo kọ gàdàgbà sórí rìsíìtì ogójì ọmọ, ọ̀gá sì ní kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ lójú àwọn òbí.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ jẹ́ kí ọmọ pe lẹ́tà tó yadi náà síta bó ṣe ń kọ ọ́: "kináìfù", "wẹdi-nẹsi-déè". Ẹ má jẹ́ kí ojú tì í. Àwọn ará England àtijọ́ pe "k" yẹn. Àwọn ará Jámánì ṣì ń pè é nínú "Knie", ìyẹn orúnkún. Ọjọ́ Woden, òrìṣà àwọn baba ńlá wọn, sì ni "Wednesday", "d" rẹ̀ kì í ṣe àlejò. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Westminster ní 1476. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu ń yí, ìwé dúró.

Bí ọmọ bá ṣì ń kùn, ẹ fi pátákó Aiyetoro Gbede hàn án. "Ayé" là ń kọ lónìí, àmọ́ "i" ṣì wà níbẹ̀. Àkọtọ́ 1974, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá, ti lé "i" yẹn lọ, orúkọ ìlú ni ò tíì gbọ́.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ́wọ́ mi ni kí ẹ wá ẹbí ọ̀rọ̀ náà. "B" inú "debt" kì í fọhùn, ṣùgbọ́n nígbà tí báǹkì bá yọ owó yín, "debit alert" ló ń wọlé, "b" sì ń dún ketekete. "Dette" ni Faransé ń pè é, kò sí "b" ńbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí Látìn ń gùn ló ki "b" bọ̀ ọ́, kó lè jọ "debitum". Bẹ́ẹ̀ náà ni "sign" pẹ̀lú "signal", "bomb" pẹ̀lú "bombard", "muscle" pẹ̀lú "muscular". "P" inú "receipt" tó dójú tì mí yẹn, inú "reception" ló ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí "deceit" ò ní tiẹ̀, nígbà tí "deception" wà. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ọ̀kan kàn jogún, èkejì ò jogún.

Ti ẹran, ọjà ni mo ti ń kọ́ ọ. Lọ́dọ̀ alápatà wa, màlúù tó wà lórí okùn àti èyí tó wà lórí igbá, màlúù náà ni. Ti Òyìnbó, "cow" ló wà lórí okùn, "beef" ló wà nínú ìkòkò. "Sheep" di "mutton", "pig" di "pork". William ará Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, gba ìtẹ́ England ní 1066, Faransé sì di èdè àwọn ìjòyè fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ tiwọn ló wà nínú àwo. Ewúrẹ́ wà lára àwọn tó bọ́: "goat meat" náà là ń pè é. Ó jọ pé àwọn ìjòyè ò tíì jẹ àsun.

Bí ó bá rẹ ọmọ, ẹ sọ fún un pé "yam" ti apá ọ̀dọ̀ wa níbí lọ: ẹnu àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Potogí ti gbọ́ ọ, tí wọ́n pè é ní "inhame". Inú ọmọ àgbẹ̀ máa ń dùn sí ìyẹn.

"Island" wà lára àwọn tí ọgbọ́n wíwá ẹbí ọ̀rọ̀ ò ràn. Wọ́n rò pé ó bá "isle" tan, wọ́n bá fún un ní "s". Kò sì bá a tan rárá. Ìyẹn, kí ọmọ há a sórí. Tèmi ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi nígbà mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rántí "s".