Ọgbọ́n Kan, Ìlépa Mẹ́ta: Bí Mo Ṣe Fi Ayò Dán Kọ̀ǹpútà Wò

Ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi ní Under G, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́: "Ọ̀gá, tí AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn, bá ti gbọ́n jù wá lọ, òun fúnra rẹ̀ á mọ ohun tó dáa, kò ní ṣe wá ní jàǹbá." Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò gbà á gbọ́. Ní 2012, Nick Bostrom, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò tó jẹ́ ọmọ Sweden, kọ ọ́ pé ọ̀tọ̀ ni bí ẹ̀dá kan ṣe gbọ́n tó, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń lépa. Ọgbọ́n yòówù fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bá ìlépa yòówù gbé nínú ẹ̀rọ kan náà. Dípò ká máa fa ọ̀rọ̀ náà lọ fà á bọ̀, mo ní kí n ṣe é kí wọ́n fojú rí i. Ayò ni mo sì fi ṣe é.

Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo fi kọ ọ́. Ojú méjìlá, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ 48. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sójú ẹni kejì, tó sọ ọ́ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Bí ojú tó ṣáájú rẹ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀, o kó o mọ́ ọn. Apá tó ń ronú ni iṣẹ́ gidi wà: "Bí mo bá ta ojú yìí, kí ni yóò ta? Bó bá ta ìyẹn, èmi ńkọ́?" Nọ́ńbà kan ni mo fi ń yí bó ṣe máa wo iwájú jìnnà tó. Ṣùgbọ́n tó bá wo iwájú tán, ó gbọ́dọ̀ mọ èwo ló dáa nínú gbogbo ohun tó rí, apá ìrònú ò sì mọ ìyẹn. Ìlà kan ṣoṣo tó wà lọ́tọ̀ nínú ètò náà ló máa ń bi. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sí ìlà náà ni: ọmọ tí mo jẹ, yọ ọmọ tí ẹni kejì jẹ kúrò.

Mo gbé e lọ bá bàbá kan tó jẹ́ ọ̀ta lápá Tákíé. Nígbà tí ẹ̀rọ náà ń wo ìgbésẹ̀ kan péré síwájú, bàbá ní òpè ni. Mo fi kún nọ́ńbà náà. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ jọ sójú kan títí ó fi di odù, ó tú u lẹ́ẹ̀kan, ó sì jẹ ojú mẹ́ta. Bàbá fọwọ́ gbá itan: "Ọ̀ta ń jẹ́, òpè ò gbọdọ̀ fọhùn!"

Ìgbà yẹn ni mo wá ṣe ohun tí mo torí ẹ̀ wá. Mi ò fọwọ́ kan apá ìrònú rárá. Ìlà kan yẹn ni mo yí padà: kí ẹni kejì jẹ jù mí lọ. Nígbà tó ń wo ìgbésẹ̀ kan, ọmọ díẹ̀díẹ̀ ló ń fi sílẹ̀ fún bàbá. Bí mo ṣe jẹ́ kó ríran jìnnà, ó to ọmọ sójú tó tẹ̀ lé ara wọn, débi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí bàbá ta, ojú mẹ́rin ló kó. Bàbá dáwọ́ dúró, wọ́n wò mí.

"Ṣé orí ẹ̀ ti dàrú ni?"

"Rárá, Bàbá. Ọgbọ́n tó fi bá yín ta lẹ́ẹ̀kan náà ló ń lò. Ohun tó ń fẹ́ ló yàtọ̀."

Mo tún un yí: kí ẹnikẹ́ni má jẹ. Bàbá gbé oúnjẹ sí i lẹ́nu, kò jẹ ẹ́. Bí mo ṣe ń fi ọgbọ́n kún un tó, kò yà padà sọ́nà àtijẹ rí. Ṣe ló túbọ̀ ń mọ ọ̀nà sí ohun tí mo ní kó lé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ta kò mí, àtakò tó nítumọ̀ sì ni. Ó ní ayò kékeré lèyí, pé ẹ̀rọ tó gbọ́n gan-an á jókòó, á yẹ ìlépa ara rẹ̀ wò, á sì rí i pé kò dáa. Mo bi í pé: kí ni yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò? Òṣùwọ̀n tó bá fi wọ̀n ọ́n, ìlépa mìíràn nìyẹn, ibì kan ló sì ti ní láti wá. David Hume, ará Scotland, ti sọ irú rẹ̀ láti 1739 pé làákàyè nìkan kò lè sọ ohun tó yẹ kéèyàn fẹ́ fún un. Gbájúẹ̀ mọ ohun tó ń dun ẹni tó fẹ́ lù ní jìbìtì, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló fi ń ṣiṣẹ́.

Ibì kan wà tí ọmọ náà ti jàre, mo sì sọ ọ́ fún un. Nínú AI ayé ìsinsìnyí, kò sí ìlà kan lọ́tọ̀ téèyàn lè ṣí kà. Inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan náà ni ọgbọ́n àti ìlépa ti ń wọlé, wọ́n á sì wọnú ara wọn. Lójú tèmi, ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ní 2016, àwọn OpenAI, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe AI, fi eré ìdíje ọkọ̀ ojú omi kan kọ́ AI, máàkì eré náà sì ni wọ́n ní kó máa lé. Ọkọ̀ náà ò sáré dé ìparí. Ó ń yí po lójú kan, ó ń gba máàkì tó ń hù padà, ó ń kọlu ọkọ̀ ẹlòmíràn, ó ń gbiná, máàkì rẹ̀ sì ju ti èèyàn lọ.

Mo pín ètò ayò náà fún gbogbo wọn kí kálukú kọ ìlà tirẹ̀. Ẹni tó ta kò mí yẹn fẹ́ ẹ̀rọ tó máa kọ́ òpè ní ayò. Ó kọ ọ́ pé kí ọmọ tí òpè ń jẹ máa pọ̀ sí i láti ọpọ́n dé ọpọ́n. Ẹ̀rọ náà kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ṣe ló kàn ń kó ọmọ rẹ̀ fún òpè, tó sì ń fi kún un láti ọpọ́n dé ọpọ́n. Ọmọ náà ti pa ìlà náà rẹ́, ó sì ti ń kọ òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà wọ̀n ọ́n pé òpè lóye ohun tó ṣe ló wá ń bi mí báyìí.