Ẹ jẹ́ ká gba ohùn àwọn àgbà wa sílẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kò sẹ́ni tó bi mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn. Nínú owó tí à ń dá fún aṣọ ẹbí ọdún ìlú, ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ fi gba ìtàn àwọn àgbà wa sílẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Ifá ti wà nínú ìwé àjogúnbá UNESCO láti ọdún 2008. Ìtàn agbolé tiwa, àfi ká fọwọ́ ara wa ṣe é.

Fóònù ọwọ́ wa tó o ṣe. Ẹ má kàn ní kí bàbá "sọ ìtàn ìlú". Ohun tí gbogbo wa ti mọ̀ ni wọn yóò sọ. Ẹ mú fọ́tò àtijọ́ kan dání, kí ẹ bi wọ́n pé ta ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ta ló rán aṣọ yẹn, èló ni wọ́n ń ta iṣu nígbà náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń tú jáde. Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ̀yin náà ẹ dákẹ́, ìrántí ló ń bọ̀ yẹn.

Ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbé fóònù sórí aṣọ tí ẹ ká, kó sún mọ́ wọn, kí ẹ sì sọ ọjọ́, orúkọ àti agbolé sínú rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọn kò fẹ́ kó jáde, nítorí ọ̀rọ̀ orò kì í ṣe ti gbogbo ayé.

Mo ti ra fláàṣì kọ̀ǹpútà méjì sílẹ̀ tí a ó kó ohùn wọn sí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá wà nílé lọ́jọ́ Sátidé, kó pè mí.