Bí ẹ ṣe lè múra bàálù kékeré sílẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn

Ìkẹjà ni mo ti ń tún bàálù kéékèèké ṣe, àwọn tí propeller kan ń fà, tí èèyàn mẹ́rin ń wọ̀. Bí oníbàálù bá wá bá mi pé òun fẹ́ rìn jìnnà, ojú ẹ̀rọ ńlá tó ń tàn yanran níwájú awakọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Èmi náà á bi í pé, "Ọ̀gá mi, ibo lẹ ń lọ?" Ọ̀nà ló máa sọ ohun tí ẹ máa rà. Èkó sí Accra tó nǹkan bíi 400 kìlómítà, etí òkun lẹ máa tọ̀ lọ, ilẹ̀ á wà lápá ọ̀tún yín tí ẹ́ńjìnì bá dákẹ́. Èkó sí São Tomé lé díẹ̀ ní 780 kìlómítà, omi ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bàálù kan náà ni o, ṣùgbọ́n ohun tí a máa kó sínú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré bàálù ẹlẹ́ńjìnì kan. Ọmọ wa Ademilola Odujinrin fi Cirrus SR22 yí ayé po lóun nìkan, ó sì parí rẹ̀ lọ́dún 2017.

Orí epo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Cessna 172S, ọ̀kan lára àwọn bàálù kékeré oníjókòó mẹ́rin, ń gbé nǹkan bíi 200 lítà tí ẹ́ńjìnì lè rí lò, ó sì ń mu bíi 30 sí 38 lítà ní wákàtí kan. Fún ẹni tó ń fojú ríran fò, ìlànà àgbáyé ní kí epo ìṣẹ́jú 30 ṣì wà nílẹ̀ lójúmọmọ, ìṣẹ́jú 45 lóru. Ní tèmi, ìyẹn kéré fún ọ̀nà jíjìn. Ẹ jẹ́ kó ku ti wákàtí kan gbáko, torí òjò àti ìjì lè dé sórí pápá kí ẹ tó dé ibẹ̀, ọyẹ́ náà sì lè bo ojú ọ̀nà.

Ẹ má gbọ́kàn lé géèjì epo. Ẹ gbé bàálù síbi títẹ́jú, ẹ fa epo inú táńkì gbẹ, ẹ wá máa da epo tuntun sí i ní lítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ẹ bá ti da ọ̀kan, ẹ ki ọ̀pá igi tó gbẹ bọ inú táńkì, ẹ yọ ọ́, ẹ fi ọ̀bẹ sàmì síbi tó tutù dé. Ọ̀pá yẹn ti bàálù yẹn nìkan ni. Ẹ kọ nọ́ńbà bàálù sí i lára. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó ra ẹ̀rọ tó ń ka epo bó ṣe ń wọ ẹ́ńjìnì.

Jet A-1, epo tí àwọn bàálù ńláńlá ń lò, ló wọ́pọ̀ ní àwọn pápá wa; avgas, tí ẹ́ńjìnì bàálù kéékèèké wọ̀nyí ń lò, sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ pe ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ mọ̀ bóyá avgas wà. Ẹ dúró ti ẹni tó ń bu epo. Avgas 100LL aláwọ̀ búlúù ni; Jet A-1 mọ́ bí omi, tàbí kó pọ́n díẹ̀. Tó bá rú yín lójú, ẹ kán an sórí bébà funfun: avgas á gbẹ lọ, Jet A-1 á fi àmì ọ̀rá sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó ń lo avgas lè fi ìyókù epo inú páìpù gbéra kúrò nílẹ̀, kí Jet A-1 tó wá bà á jẹ́ lójú òfúrufú. Ẹ tún máa fa ìsàlẹ̀ táńkì láràárọ̀, nítorí omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí.

Bí ọ̀nà bá gùn ju táńkì lọ, a lè gbé àfikún táńkì síbi ìjókòó ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. 100 lítà avgas ń lọ sí nǹkan bíi 72 kìlógíráàmù, ìdí bàálù ló sì máa tẹ̀, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ sì ṣírò ibi tí ìwúwo bọ́ sí. Ní January 2015, awakọ̀ kan tó ń gbé SR22 lọ sí Hawaii kò rí epo inú àfikún táńkì rẹ̀ fà wọ táńkì tí ẹ́ńjìnì ń lò. Epo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnì kò rí i mu. Páráṣúùtù tí wọ́n ṣe mọ́ odindi bàálù náà ló gbé e balẹ̀ sójú òkun, ó bọ́ sínú ọkọ̀ rọ́bà, ọkọ̀ ojú omi kan sì wá gbé e. Àfikún táńkì tí ẹ kò tíì fi fò nítòsí ilé, ẹ má gbé e kọjá òkun.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Rédíò méjì tó ń jẹun nínú àwo kan náà, ọ̀kan ni wọ́n. Bí alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bàálù níná, bá kú, ẹ má retí ju ìdajì wákàtí lọ lọ́wọ́ bátìrì. Nítorí náà, ẹ ra rédíò ọwọ́ tó ní bátìrì tirẹ̀, ẹ fi 121.5 MHz, ìkànnì ìpè pàjáwìrì, pa mọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì ra okùn tó ń so ó mọ́ hẹ́dífóònù, torí ariwo ẹ́ńjìnì kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ nǹkan kan láìsí i. Èmi máa ń fa wáyà antẹ́nà ìta wá sítòsí ìjókòó kí wọ́n lè kì í bọ rédíò yẹn. Ó ń jẹ́ kí ohùn lọ jìnnà dáadáa. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń wo ọ̀nà lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jókòó sí abẹ́ gíláàsì iwájú, oòrùn á mú un gbóná títí á fi kú. Ẹ mú máàpù oníbébà dání.

Ẹni tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú mọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì onífóòmù. Ẹ má gbé e wọ bàálù. Bí omi bá wọlé, fóòmù á gbé yín lọ sókè àjà, ẹ kò sì ní lè rì wá sẹ́nu ọ̀nà. Èyí tí a ń fi afẹ́fẹ́ kún ni kí ẹ rà, kí ẹ wọ̀ ọ́ sọ́rùn láti ilẹ̀, kí ẹ má sì fi afẹ́fẹ́ kún un àfi tí ẹ bá ti jáde. Nígbà tí bàálù Ethiopian bọ́ sókun ní Comoros lọ́dún 1996, ọ̀pọ̀ èrò ló fi afẹ́fẹ́ kún tiwọn nínú bàálù, àwọn míì sì há síbẹ̀ kú. Ọkọ̀ rọ́bà gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ awakọ̀ ti lè tó o, kó má sí lábẹ́ báàgì.

Ẹ̀rọ ìpè pàjáwìrì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti 406 MHz. Láti February 2009 ni sátẹ́láìtì kò ti gbọ́ ti 121.5 mọ́. Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tó wà nílé, torí òun ni àwọn tó ń wá yín máa pè.

Híítà bàálù ń gba ooru lára sàlẹ́ńsà. Bí sàlẹ́ńsà bá sán, irú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa èèyàn lójú oorun náà ló máa wọlé, gáàsì olóró inú rẹ̀ kò sì lóòórùn. Ẹ̀rọ tó ń ké tó bá rí gáàsì yẹn kò wọ́n. Ẹni tó bá máa pẹ́ lókè 10,000 ẹsẹ̀ bàtà nílò ọ́síjìn. Ẹ sì máa fi ìbòrí dí ojú pitot, ọ̀pá kékeré tó ń jẹ́ kí ẹ mọ eré tí bàálù ń sá, torí agbọ́n máa ń fi amọ̀ kọ́lé sínú rẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wà lára bàálù, ẹ gbé e lọ sí Ìlọrin kí ẹ sì padà, lójú ọjọ́ tó mọ́, pẹ̀lú gbogbo ẹrù. Ẹ lo táńkì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi rédíò ọwọ́ bá tower, àwọn tó ń darí bàálù ní pápá, sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá balẹ̀, ẹ ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo ibi tí páìpù epo ti so pọ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí àbàwọ́n búlúù, avgas ti ń jò níbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ páìpù yẹn, kí ẹ sì tún fò ó wò kí ẹ tó lọ.