Bí A Ṣe Ń Fi Lésà Mú Ilẹ̀ Ilé Tẹ́jú

Ilẹ̀ Abẹ́òkúta kò tẹ́jú. Ẹni tó bá kọ́lé ní Aké tàbí lẹ́bàá Olúmọ mọ̀ pé igun kan lè wà lórí àpáta kí èkejì wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ojú nìkan ò lè gbà wá níbẹ̀, ni bíríkìlà fi ń lo lésà onílà, ẹ̀rọ kan tó ń ta ìmọ́lẹ̀ tíńrín: gíláàsì róbótó inú rẹ̀ ló ń tẹ́ ìmọ́lẹ̀ tíńrín náà di ìlà lára ògiri, irin kan tó ń rọ̀ dirodiro nínú rẹ̀ ló sì ń mú un tẹ́jú.

Ẹ gbé e lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ṣí títì tó de irin inú rẹ̀, ẹ tàn án. Tó bá ń ṣẹ́jú, ó ti dagun jù, ẹ tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe.

Wàyí o, ẹ má tíì fa ìlà kankan láì dán ẹ̀rọ wò. Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù nìyí. Wọ́n á gbé e lórí ọ̀kadà láti Kútọ̀ dé Láfẹ́nwá láì ti irin inú rẹ̀, á gbọ̀n títí á fi yẹ̀, síbẹ̀ ìlà tó ń fà á dúró gbọin. Mo ti rí bálùwẹ̀ tí wọ́n lẹ táìlì rẹ̀ tán, tí omi ń sá fún ihò tó yẹ kó gbà á.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí: ẹ wá ògiri méjì tó kọjú síra, mítà 5 láàárín wọn. Ẹ gbé ẹ̀rọ sún mọ́ àkọ́kọ́, ẹ sàmì síbi tí ìlà bọ́ sí, ẹ yí i síhà kejì láì yí gíga rẹ̀ padà, ẹ sàmì síbẹ̀ náà. Ẹ wá gbé e sún mọ́ ògiri kejì yẹn, ẹ gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀ títí ìlà á fi bọ́ sórí àmì ibẹ̀. Ẹ yí i padà sí àkọ́kọ́. Àlàfo tó bá wà láàárín ìlà àti àmì àtijọ́ ni àṣìṣe rẹ̀ lórí mítà 10, torí ìmọ́lẹ̀ ti lọ, ó ti bọ̀. Tó bá ju mìlímítà 3 lọ, mi ò ní lò ó.

Ẹ má dán an wò láti àárín yàrá bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe. Àṣìṣe á dọ́gba lápá méjèèjì, àmì á bára mu, ẹ̀rọ onírọ́ á dà bí olóòótọ́. Àǹfààní wà níbẹ̀ ṣá o: tí kò bá sí òmíràn, ẹ fi èyí tó yẹ̀ díẹ̀ sáàárín gbùngbùn ibi méjì tí ẹ fẹ́ kó dọ́gba.

Lésà aláwọ̀ ewé ni kí ẹ rà, ojú wa ń rí i ju pupa lọ. Lóde, oòrùn ọ̀sán á bò ó, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ tàbí kí ẹ lo rọ́ba omi, rọ́ba gígùn tí a rọ omi sí, tí omi ẹnu rẹ̀ méjèèjì máa ń dọ́gba. Kò wọ́n, kò sì ń purọ́ tí atẹ́gùn kò bá há sínú rẹ̀. Gíláàsì ojú tó bá ẹ̀rọ wá, kí ẹ lè rí ìlà ni, kì í ṣe ààbò; ẹ má wojú ìmọ́lẹ̀ náà.

Pẹ́ńsù tó mú ni kí ẹ fi sàmì, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì. Bí ìlà ti ń jìnnà ló ń nípọn, àárín rẹ̀ ni kí ẹ mú. Ẹ so okùn mọ́ àmì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì ti irin inú ẹ̀rọ kí ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀.