Ìwé Ìdáná Tó Máa Ṣiṣẹ́ Nílé Yín: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ìwé ìdáná wà lóríṣiríṣi, wọ́n sì ń jáde lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rẹwà débi pé èèyàn lè fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí pálọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń parí sí. Irú ìyẹn kọ́ là ń wá. Èyí tí à ń wá ni ìwé tí epo máa ta sí lára kó tó pé oṣù mẹ́ta, tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbé e kalẹ̀, á ṣí fúnra rẹ̀ sí ibi tí ẹ máa ń kà jù. Oúnjẹ aṣaralóore tó wà nínú ìwé, tí ẹnì kankan ò sè, kò ṣe ara ẹnì kankan lóore.

Ẹ wo ilé yín kí ẹ tó wo ìwé

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ nǹkan mélòó kan sílẹ̀. Èèyàn mélòó ló ń jẹun nílé? Tí ẹ bá ti oko tàbí ibi iṣẹ́ dé, báwo lẹ ṣe lè pẹ́ tó nídìí iná? Ṣé ojú iná kan ṣoṣo lẹ ní àbí mẹ́ta, ṣé ẹ sì ní ààrò tí wọ́n fi ń yan nǹkan? Ta ni dókítà ti sọ fún pé kó dín iyọ̀ tàbí ṣúgà kù? Ìwé tó dáa fún tọkọtìyàwó tí wọn ò tíì bímọ lè di wàhálà fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́jọ, torí kì í ṣe gbogbo nǹkan lèèyàn kàn lè sọ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá bu omi ọbẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin sínú ìkòkò ńlá, kì í fà bí èyí tó wà nínú ìkòkò kékeré ṣe ń fà.

Ti àgbẹ̀ tún yàtọ̀. Ẹni tó ń ra oúnjẹ lọ́jà á kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ sè, á wá lọ rà á. Àgbẹ̀ ti ní ohun tó máa sè nílẹ̀, ó tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Ohun tó ń wá ni oríṣiríṣi ọ̀nà tó lè gbà sè é kó má bàa sú àwọn ará ilé. Tòmátì kì í so díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹnikẹ́ni. Torí náà, ìwé tí wọ́n tò ní ohun ọ̀gbìn sí ohun ọ̀gbìn sàn fún un ju èyí tí wọ́n tò ní oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ lọ. Ẹ ṣí atọ́ka tó wà lẹ́yìn ìwé, kí ẹ wá ohun mẹ́ta tí ẹ ń gbìn jù nínú rẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò bá ní tó ọ̀nà mẹ́rin sí márùn-ún tí wọ́n ń gbà sè é, ẹ dá ìwé náà padà síbi tí ẹ ti mú un. Ìwé tí kò tiẹ̀ ní atọ́ka rárá, èmi kì í ṣí i lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ yá a ná

Ní àwọn ilé ìkàwé tó ń lo ètò Dewey, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń fi nọ́ńbà to ìwé ní kókó ọ̀rọ̀ sí kókó ọ̀rọ̀, ìdí nọ́ńbà 641.5 ni ìwé ìdáná máa ń wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń dúró sí. Ẹ sún síwájú díẹ̀. Nọ́ńbà 641.6 ni ti àwọn ìwé tó dá lórí sísè ohun kan pàtó, bí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà tàbí ẹja, òun gan-an sì ni àgbẹ̀ ń wá. 641.4 ni ti títọ́jú oúnjẹ pa mọ́, 613.2 ni ti oúnjẹ àti ìlera. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, WorldCat máa ń fi ilé ìkàwé tó ní ìwé kan hàn yín, Internet Archive sì máa ń yá èèyàn ní ọ̀pọ̀ ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Project Gutenberg, ẹ máa rí ìwé ìdáná àtijọ́ tí òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò dè mọ́. Wọ́n dùn ún kà, àmọ́ ẹ má fi wọ́n tọ́jú oúnjẹ pa mọ́. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ìwé kan

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́, torí èyí tó dùn ún wò jù ni wọ́n máa ń kó síwájú. Ẹ ṣí i láàárín, kí ẹ ka ìlànà oúnjẹ kan láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sè é lálẹ́ òní. Ṣé wọ́n sọ iye èèyàn tó máa yó? Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ lókè ló tún jẹ yọ nísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sè é? Ṣé wọ́n sọ bó ṣe máa rí lójú tàbí bó ṣe máa ta sánsán nígbà tó bá jinná, àbí iye ìṣẹ́jú nìkan ni wọ́n kọ? Iná wọn kọ́ ni iná yín. Ìwé tó ní kí ẹ dín àlùbọ́sà títí tó fi máa rọ̀ láìdúdú mọ ohun tó ń sọ ju èyí tó kàn ní kí ẹ dín in fún ìṣẹ́jú 7 lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo òṣùwọ̀n tí wọ́n lò. Ibi yìí ni mo ti máa ń le jù. Gíráàmù kò yàtọ̀ níbikíbi láyé, àmọ́ ife ò rí bẹ́ẹ̀: ife ti Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 240, ti Ọsirélíà jẹ́ 250. Ṣíbí ìjẹun jẹ́ mílílítà 15 ní ọ̀pọ̀ ibi, Ọsirélíà tún ní tiẹ̀, 20. Bí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà bá ní kí ààrò gbóná dé 350, Fahrenheit ni wọ́n ń wí, ìyẹn nǹkan bíi 180 lórí Celsius. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, tsp ni ṣíbí tíì, tbsp ni ṣíbí ìjẹun. Lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n, ìkejì sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo ti jìyà rẹ̀ rí: níbi tí wọ́n ti ní kí n bu ṣíbí tíì méjì iyọ̀, ṣíbí ìjẹun méjì ni mo dà sínú ìkòkò. Omi la mu sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé tó bá kọ gíráàmù sílẹ̀, tó sì kọ orúkọ ṣíbí jáde ní kíkún, ti gba ìdajì máàkì lọ́wọ́ mi.

Ẹ ṣírò iyọ̀ àti ṣúgà fúnra yín

Ẹnikẹ́ni ló lè kọ "aṣaralóore" sí iwájú ìwé. Ìṣirò ló máa sọ òótọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5. Ṣíbí tíì kan tí a fọwọ́ gé lórí jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 6. Ká ní ìlànà ọbẹ̀ kan wà fún ẹni mẹ́rin, tí wọ́n sì ní kí ẹ bu ṣíbí tíì iyọ̀ méjì sí i: gíráàmù 12 nìyẹn, gíráàmù 3 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ti jẹ ju ìdajì ìwọ̀n ọjọ́ kan lọ, a ò sì tíì ka iyọ̀ tó wà nínú èròjà amọ́bẹ̀dùn tí wọ́n ní kí ẹ rún sí i.

Ti ṣúgà ní ẹ̀tàn nínú ju ti iyọ̀ lọ. Àjọ yẹn kan náà ní kí ṣúgà tí a bù sí oúnjẹ má tó ìdá mẹ́wàá agbára tí a ń rí nínú oúnjẹ lóòjọ́, ó sì máa dáa sí i tó bá kéré sí ìdajì ìyẹn. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, ìdá mẹ́wàá jẹ́ gíráàmù 50. Oyin wà lára ṣúgà tí wọ́n ń sọ yìí, omi èso tí a fún náà wà níbẹ̀. Torí náà, bí ìwé kan bá pariwo pé àkàrà òyìnbó òun "kò ní ṣúgà", tó wá da ife oyin kan sí i, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ sì ṣí ojú ìwé mìíràn. Oyin ò burú o. Irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ọn ló burú.

Ẹ wo ẹ̀fọ́ àti èso náà. Ó kéré tán, gíráàmù 400 lóòjọ́ ni wọ́n dámọ̀ràn fún àgbàlagbà, ọ̀dùnkún àti ẹ̀gẹ́ kò sì sí lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé fún ẹwà àwòrán nìkan ni ewé tútù ṣe wà lórí àwọn oúnjẹ inú ìwé náà, ẹ ti mọ irú ìwé tó jẹ́.

Ta ló kọ ọ́?

Alásè tó mọṣẹ́ lè kọ́ yín bí oúnjẹ ṣe ń dùn. Bó bá wá kan ọ̀rọ̀ àìsàn, ẹ wá orúkọ onímọ̀ oúnjẹ aṣaralóore tó gba ìwé ẹ̀rí nínú ìwé náà. Èyí tó bá ṣèlérí pé òun máa wo àtọ̀gbẹ sàn ní ọjọ́ 21, tàbí pé òun máa fọ májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó jókòó síbi tó wà. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kíndìnrín yìí náà la fi ń ṣọ́ra fún ìwé tó bá ní kí gbogbo èèyàn pààrọ̀ iyọ̀ sí iyọ̀ mìíràn tí sódíọ̀mù rẹ̀ kéré: potásíọ̀mù ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lè ṣe ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn ní jàǹbá. Dókítà ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bi.

Àwọn ìwé kan tún ti wà báyìí tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló hun wọ́n, tí ẹnì kankan ò se oúnjẹ inú wọn rí. Ẹ máa fi nǹkan díẹ̀ dá wọn mọ̀: òǹkọ̀wé tí kò ní iṣẹ́ mìíràn níbikíbi, ẹ̀wà gbígbẹ tó jinná ní ìṣẹ́jú 15 lórí iná lásán, ẹyin tí wọ́n kà lókè tí wọn ò sì lò nísàlẹ̀.

Ibi tí ìwé ti lè pani lára

Ojú ìwé mẹ́rin ni mo máa ń wá kí n tó gba ìwé kan gbọ́. Ti adìẹ: ó yẹ kí inú ibi tó nípọn jù lára rẹ̀ gbóná dé 74 dígírì Celsius. Ti oúnjẹ tó ṣẹ́kù: kó wọ fíríìjì kó tó pé wákàtí méjì. Ti ọmọ ọwọ́: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oyin. Ti ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín: kí ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí márùn-ún ó kéré tán, kí ẹ da omi náà nù, kí ó sì hó dáadáa nínú omi tuntun fún ìṣẹ́jú 30. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ tí ooru tí kò tó lè mú kó le sí i, torí náà ìwé tó bá ní kí ẹ dà á sínú ìkòkò oníná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìkọ́kọ́ bọ̀ ọ́ kò yẹ kó wọlé.

Títọ́jú oúnjẹ sínú ìgò ló le jù. Kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní botulinum máa ń sọ ara rẹ̀ di hóró kan tó le, tí omi tó ń hó, 100 dígírì, kò lè pa. Oúnjẹ tí kò kan, bí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹran, ní láti wà nínú ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ tí wọ́n ṣe fún un, tó ń gbóná dé nǹkan bíi 116 dígírì, kí ìgò rẹ̀ tó ṣeé tọ́jú. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ní kí wọ́n se é nínú omi lásán. Ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, USDA, ti gbé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n dán wò jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni kí ẹ fi yẹ ìwé yòówù wò. Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ wo ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, lẹ́yìn rẹ̀: láti 2007 ló ti di oní-nọ́ńbà 13. Bó bá jẹ́ 10 péré, ó ti pẹ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọbẹ̀ inú rẹ̀ lè ṣì dáa, àmọ́ ẹ fo orí tó wà fún ìgò.

Ọ̀sẹ̀ méjì

Bí ìwé bá yege, ẹ mú un lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ se nǹkan mẹ́ta nínú rẹ̀: ọ̀kan ní alẹ́ ọjọ́ tí ó rẹ̀ yín jù, ọ̀kan pẹ̀lú irè tó pọ̀ jù nílẹ̀, ọ̀kan tí ọmọ yín tàbí ẹlòmíràn nínú ilé sè láìsí yín níbẹ̀. Ìkẹta yẹn ló máa ń tú àṣírí ìwé, torí ẹ̀yin lè fi ọgbọ́n orí yín dí ihò tí òǹkọ̀wé fi sílẹ̀, ọmọ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi nílọ́ọ̀nù bo ìwé náà, torí ti ilé ìkàwé ṣì ni. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, kí ẹ kọ ọjọ́, iye iyọ̀ tí ẹ dín kù àti ẹni tó sọ pé kò dùn. Bí méjì nínú mẹ́ta bá tún padà wá sórí iná láìjẹ́ pé ẹnì kan rán yín létí, ẹ lè lọ ra tiyín.