Bí a ṣe ná owó aṣọ́lé Boston níwájú onílàjà

Olùkọ́ tó kọ́ wa ní òfin eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ òfin níbí ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ìdánwò orí ìwé. Ẹjọ́ tó ti wáyé rí nínú hóki orí yìnyín ló máa ń gbé kalẹ̀, á pín wa sọ́nà méjì, kí apá kan gbèjà agbáhóki, kí apá kejì gbèjà kílọ́ọ̀bù, ká sì rojọ́ níwájú lọ́yà tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yẹn, tó máa jókòó bí onílàjà, ìyẹn ẹni tó ń dá iye owó tí kílọ́ọ̀bù máa san. Boston Bruins ló bọ́ sí èmi àti alábàáṣe mi lọ́wọ́. Ẹni tí a máa bá ná owó ni Jeremy Swayman, aṣọ́lé wọn, nínú ẹjọ́ July 2023.

Boston ní mílíọ̀nù 2 dọ́là làwọn máa san fún ọdún kan. Swayman ní 4.8 lòun máa gbà. Nínú baseball, onílàjà gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú iye méjèèjì. Ti hóki, iye tó bá tọ́ lójú rẹ̀ ló máa dá. Àmọ́ àárín méjèèjì, ìyẹn 3.4, lójú gbogbo èèyàn máa ń wà. Bí ìdájọ́ bá kọjá ibẹ̀, Swayman ló jàre. Bí kò bá dé ibẹ̀, àwa ni.

Mo kọ́kọ́ jókòó ti orí 12 nínú ìwé àdéhùn tó wà láàárín NHL, líìgì hóki tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àti ẹgbẹ́ àwọn agbáhóki, NHLPA. Ìwé náà gbẹ, ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe lè fò ó. Agbáhóki tí àdéhùn rẹ̀ ti parí, àmọ́ tí kílọ́ọ̀bù ṣì ní àṣẹ lórí rẹ̀, ló lè lọ sọ́dọ̀ onílàjà, bó bá ti pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó buwọ́ lùwé àkọ́kọ́ láàárín ọmọ ọdún 18 sí 20 gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 4. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 22 tàbí 23 nígbà náà, ọdún 2 ti tó fún un. Swayman, tó ti yunifásítì Maine wá, ti pẹ́ tó láti lọ. Bó bá ku wákàtí 48 kí ìjókòó bẹ̀rẹ̀, kálukú á ti fi ìwé ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wákàtí 48 lẹ́yìn ìjókòó, ìdájọ́ ti gbọ́dọ̀ jáde.

Ohun tí òfin ní ká má sọ ló gbà mí lákòókò jù. Gbogbo ẹni tó ń wo hóki ló mọ ìdí tí Boston fi háwọ́ lọ́dún yẹn: mílíọ̀nù 83.5 dọ́là ni gbèdéke owó tí kílọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan lè ná sórí àwọn agbáhóki rẹ̀, Boston sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná tiwọn tán. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an la ò gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà. Bí àpò kílọ́ọ̀bù ṣe rí kò kan onílàjà. Wọ́n dí apá kejì náà lẹ́nu. Linus Ullmark, tó ń bá Swayman pín iṣẹ́ aṣọ́lé nígbà náà, ń gba mílíọ̀nù 5 lọ́dún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ullmark wà lómìnira láti lọ síbi tó wù ú ló buwọ́ lu ìwé yẹn ní 2021, òfin sì ní a kò gbọ́dọ̀ fi owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ wé ti ẹni tí kílọ́ọ̀bù ṣì dì mú. Fídíò kò gbọ́dọ̀ wọlé, ìwé ìròyìn kò gbọ́dọ̀ wọlé, iye tí wọ́n ti jọ ń ná ní kọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ní tèmi, òfin yìí dáa. Ariwo ló ń mú kúrò nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ojúgbà fún Swayman, ibí yìí sì ni ojúlówó iṣẹ́ wà. Kò sẹ́ni tó bi wá bóyá Swayman mọṣẹ́. Ohun tí wọ́n bi wá ni pé ta ló jọ, èló sì ni wọ́n ń san fẹ́ni tó jọ. Mo to orúkọ àwọn aṣọ́lé tó buwọ́ lùwé nírú ipò kan náà sórí kọ̀ǹpútà, mo kọ ọjọ́ orí wọn, iye eré tí wọ́n ti gbá, iye tí wọ́n borí àti iye bọ́ọ̀lù tí wọ́n mú nínú ọgọ́rùn-ún síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Swayman gbá eré 37 ní sáà 2022-23, ó borí nínú 24, ó sì ń mú 92 nínú 100. Ṣùgbọ́n eré 88 péré ló ti gbá ní NHL látìgbà tó dé. Mo di 88 yẹn mú.

Kaapo Kahkonen gba mílíọ̀nù 2.75 lọ́dún ní San Jose ní 2022. Vitek Vanecek gba 3.4 ní New Jersey lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn méjèèjì wúlò fún wa. Mo mọ̀ pé apá kejì á gbé Jake Oettinger ti Dallas wá, nítorí mílíọ̀nù 4 lòun ń gbà nígbà náà, mo sì ti kọ èsì sílẹ̀ dè wọ́n: ní eré keje pẹ̀lú Calgary ní 2022, bọ́ọ̀lù 64 ni Oettinger mú lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí wọ́n fi irú rẹ̀ hàn wá lọ́wọ́ Swayman.

Ẹni tó ń já mi láyà ni Ilya Samsonov ti Toronto. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìjókòó Swayman ni onílàjà dá 3.55 fún un, iṣẹ́ àwọn méjèèjì ní sáà náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Alábàáṣe mi ní ká má dárúkọ rẹ̀ rárá. Mo kọ̀. Àwa fúnra wa la kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀, a ní Samsonov ti gbá eré 131, òun ni olórí aṣọ́lé níbẹ̀, òun náà ló wà nílé nígbà tí Toronto borí ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje àṣekágbá, èyí tí wọn kò ṣe láti 2004. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gba 3.55, èló ni ká fún ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ fún Ullmark?

Kíkọ ìwé ẹjọ́ náà korò díẹ̀. Ńṣe ló dà bí kéèyàn máa ná aṣọ tó ti wọ̀ sọ́rùn, kó máa tàbùkù rẹ̀, kó sì mọ̀ pé òun náà lòun máa wọ̀ ròde lọ́la. Ní ti gidi, agbáhóki lè jókòó síbẹ̀ kó máa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ń sọ ti Tommy Salo, aṣọ́lé New York Islanders láyé 1990, tó sunkún nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti jọ èébú kúrò, mo fi iye nìkan sílẹ̀. Boston borí nínú eré 65 ní sáà yẹn, kò sí kílọ́ọ̀bù tó ṣe irú rẹ̀ rí ní NHL. A ní lẹ́yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ aṣọ́lé á fúyẹ́.

Ibẹ̀ ni lọ́yà tó jókòó bí onílàjà ti mú mi. Ó ní: “Ullmark tí ẹ̀ ń gbé lárugẹ yìí ńkọ́, ṣé ògiri kan náà kọ́ ló wà níwájú òun náà?” Mo ní ògiri kan náà ni, sà. Ullmark gbá eré 49 lẹ́yìn rẹ̀, ó mú 93.8 nínú 100, ó sì gba Vezina, ẹ̀bùn aṣọ́lé tó dáa jù. Ohun tó wà láàárín òun àti Swayman kò lè jẹ́ ti ògiri. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó dá mílíọ̀nù 3.3. A fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún dọ́là borí, alábàáṣe mi sì fò sókè bí... ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú ẹjọ́ gidi, 3.475 ni Swayman gbà ní August 1, 2023. Boston kò lè kọ̀ ọ́, nítorí iye tí kílọ́ọ̀bù fi lè kọ ìdájọ́ lọ́dún yẹn lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀. Irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Chicago fi jọ̀wọ́ Antti Niemi, aṣọ́lé wọn, ní 2010, lọ́dún tó bá wọn gba ife Stanley, ife ẹ̀yẹ NHL. Swayman sọ fáwọn oníròyìn lẹ́yìn náà pé òun kò ní fẹ́ kí irú ìjókòó yẹn ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ òun. Nígbà tí àdéhùn ọdún kan náà parí, òun àti Boston kò padà sọ́dọ̀ onílàjà. Wọ́n jọ fà á títí tí ìgbaradì sáà fi parí láìsí i níbẹ̀, kó tó buwọ́ lu àdéhùn ọdún 8, mílíọ̀nù 66 dọ́là, ní October 2024.